Ẹ̀wà tí mo sè fún wákàtí 4 kò rọ̀: ṣé iyọ̀ ni ó fà á?

Ọmọ_Ìdáná

Mo kí gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni mo gbé wá, ṣùgbọ́n ó ti gba odidi òwúrọ̀ kan lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú gáàsì tí n kò fẹ́ ṣírò. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí ó kọjá, mo ṣa ẹ̀wà gbígbẹ, irú èyí tí ó pupa, tí hóró rẹ̀ tóbi, tí ó sì tẹ̀ bíi kíndìnrín. Mo fọ̀ ọ́, mo sì rẹ ẹ́ sínú omi tí mo po iyọ̀ mọ́, nítorí pé mo ti kà á níbì kan pé iyọ̀ máa ń jẹ́ kí èèpo ẹ̀wà rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo da omi náà nù, mo bu omi tuntun sí i, mo sì gbé e ka iná ní agogo 8. Títí agogo 12 fi lù, mo ti bu omi kún un ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Èèpo rẹ̀ rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá fi eyín tẹ hóró kan, àárín rẹ̀ ṣì le, ó sì ń ṣe ṣákaṣàka lẹ́nu bí ẹfun.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí mo pè lórí fóònù, ní iyọ̀ ni ó ba iṣẹ́ jẹ́. Ó ní láti kékeré ni wọ́n ti kìlọ̀ fún òun pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi iyọ̀ sí ẹ̀wà kí ó tó jinná. Èwo ni kí n gbà gbọ́ nínú méjèèjì? Ó ti tó ọdún 2 tí àpò ẹ̀wà náà ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi, ṣùgbọ́n n kò rò pé ìyẹn já mọ́ nǹkan kan, nítorí pé kò sí kòkòrò kankan nínú rẹ̀.

Ìyá_Ọlọ́bẹ̀

Ọmọ mi, òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ sọ. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń dáná, ìgbà tí ẹ̀wà bá rọ̀ tán ni mo máa ń fi iyọ̀ sí i, ẹ̀wà mi kì í sì í le. Ohun tí ojú mi rí ni mo sọ yìí, kì í ṣe ohun tí mo kà.

Olùṣèdánwò

Màmá, mo bẹ̀ yín, ẹ má bínú pé mo fẹ́ gba ọ̀nà mìíràn. Kẹ́mísírì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ yìí sì wà lára ohun tí mo fẹ́ràn láti máa fi ṣe àpẹẹrẹ fún wọn.

Bí a bá gé hóró ẹ̀wà sí méjì tí a sì wò ó lábẹ́ awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, a ó rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jókòó ti ara wọn bí bíríkì lára ògiri. Ohun tí ó lẹ̀ wọ́n pọ̀, tí ó dúró gẹ́gẹ́ bí amọ̀ tí a fi mọ ògiri náà, ni à ń pè ní pectin. Ẹ̀wà kò lè rọ̀ títí tí pectin yìí yóò fi yọ́ sínú omi gbígbóná, tí sẹ́ẹ̀lì kan yóò fi lè yà kúrò lára èkejì. Kálísíọ̀mù àti magnísíọ̀mù ni wọ́n ń dènà èyí, nítorí pé wọ́n máa ń so okùn pectin kan mọ́ òmíràn, okùn tí wọ́n bá sì ti so báyìí kì í fẹ́ yọ́ mọ́.

Iyọ̀ ní tirẹ̀ ní sódíọ̀mù nínú. Nígbà tí ẹ̀wà bá sùn mọ́jú nínú omi iyọ̀, sódíọ̀mù yóò gba ipò lọ́wọ́ díẹ̀ nínú kálísíọ̀mù àti magnísíọ̀mù tí ó wà lára èèpo, ìdè á tú, èèpo á sì rọ̀. Ìdí nìyí tí èèpo ẹ̀wà yín fi rọ̀ tí àárín rẹ̀ kò sì rọ̀: iyọ̀ ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó, kò kàn lè wọ inú lọ títí ni. Ìwọ̀n tí èmi ń lò ni iyọ̀ gíráàmù 15 sí omi lítà 1, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ṣíbí ìjẹun kan, mo sì máa ń ṣan ẹ̀wà náà kí n tó gbé e ka iná.

N kò sọ pé àwọn àgbà kò rí nǹkan kan. Iyọ̀ a máa dín bí ẹ̀wà ṣe ń yára mu omi kù díẹ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ sè é láìrẹ ẹ́ rárá lè rí i pé ó pẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n wákàtí 4 kì í ṣe iṣẹ́ iyọ̀. Ìbéèrè méjì ni mo ní fún ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ìkíní, níbo gan-an ni kọ́bọ́ọ̀dù yẹn wà nínú ilé ìdáná yín? Ìkejì, bí ẹ bá ṣí kẹ́tùrù tí ẹ fi ń se omi tíì, kí ni ó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀?

Ọmọ_Ìdáná

Ẹ ṣeun púpọ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù náà wà lókè ààrò gan-an, bí mo bá ń dáná, ọwọ́ mi máa ń mọ̀ pé ara pákó rẹ̀ gbóná. Ní ti kẹ́tùrù, ìsàlẹ̀ rẹ̀ funfun bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun kùn ún, bí mo bá sì fi èékánná ha á, á máa já bọ́ ní wẹ́wẹ́. Mo máa ń fi fínígà fọ̀ ọ́ lóṣooṣù. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kẹ́tùrù mi fi kan ẹ̀wà mi?

Olùṣèdánwò

Ó kàn án gbọ̀ngbọ̀n. Ohun funfun yẹn ni kálísíọ̀mù kábónéètì, ó ń sọ fún yín pé omi líle, èyí tí kálísíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀, ni omi ẹ̀rọ yín. Bí ó ṣe ń lẹ̀ mọ́ kẹ́tùrù, bẹ́ẹ̀ náà ni kálísíọ̀mù inú omi ń lẹ̀ mọ́ pectin inú ẹ̀wà. Ẹ ń bu ohun tí ó ń mú ẹ̀wà le sí i ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá bu omi kún ìkòkò, ẹ sì ní ẹ ti bu ú ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí léèrè, èmi yóò fi ẹ̀bi tí ó pọ̀ jù sí ọrùn kọ́bọ́ọ̀dù. Ohun kan wà nínú hóró ẹ̀wà tí à ń pè ní phytate. Nígbà tí ẹ̀wà bá ṣì jẹ́ tuntun, phytate ni ó di púpọ̀ nínú kálísíọ̀mù àti magnísíọ̀mù mú sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, tí wọn kò fi ráyè lọ bá pectin. Bí ẹ̀wà bá pẹ́ nílẹ̀ ní ibi tí ooru wà, pàápàá ooru tí ó pọ̀ tó 30°C sókè, tí ọ̀rinrin sì wà nínú afẹ́fẹ́, ẹ́ńsáìmù kan nínú hóró náà yóò máa já phytate wẹ́wẹ́ díẹ̀díẹ̀, àwọn méjèèjì á sì rí ọ̀nà sá jáde. Nígbà tí ẹ bá wá gbé e ka iná, ọ̀dọ̀ pectin ni wọn yóò gbà lọ. Ojú kò lè rí èyí. Ẹ̀wà náà lè dán, kí ó mọ́, kí kòkòrò kankan má sí nínú rẹ̀, síbẹ̀ kí inú rẹ̀ ti yí padà. Ọdún 2 lókè ààrò, tí ooru àti èéfín omi gbígbóná ń lọ bá a lójoojúmọ́: n kò mọ ibi tí ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ láti tọ́jú ẹ̀wà sí.

Aláìsùn

Ẹ gbà mí láàyè kí n bọ́ sí i. Ọ̀rẹ́ mi kan máa ń ju baking soda sí ẹ̀wà rẹ̀, á ní bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, òun kò lè dúró tì í. Ẹ̀wà rẹ̀ máa ń rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo jẹ ẹ́, ńṣe ni ó dà bí ẹni pé mo lá ọṣẹ. Ṣé kò sí ewu níbẹ̀?

Olùṣèdánwò

Ọwọ́ ọ̀rẹ́ yín ti wúwo jù ni. Baking soda, àti kán-ún pẹ̀lú, a máa sọ omi di álíkálì, pectin sì máa ń tètè fọ́ nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Baking soda tún máa ń mú kí lára kálísíọ̀mù inú omi líle di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, tí kò fi ní lè dí ẹ̀wà lọ́wọ́. Ìdámẹ́rin ṣíbí ìpotíì ti tó fún ẹ̀wà gbígbẹ tí ó jẹ́ ìdajì kílò. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, adùn ọṣẹ yẹn á yọjú, hóró á di ẹrẹ̀, fítámì B1 tí ó wà nínú ẹ̀wà náà á sì ṣòfò, nítorí pé B1 kò fara mọ́ álíkálì àti ooru pọ̀.

Òdìkejì rẹ̀ ni ohun kíkan. Tòmátì, fínígà àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń mú pectin le, nítorí náà kí ẹ má ṣe dà wọ́n sí ìkòkò títí ẹ̀wà yóò fi rọ̀ tán. Ṣúgà náà máa ń fa ọwọ́ aago sẹ́yìn. Mo gbà pé àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ó yẹ kí àwọn ènìyàn máa kìlọ̀ nípa wọn, kì í ṣe iyọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà tí ó ti rọ̀ tí a kò fẹ́ kí ó fọ́ mọ́ ni tòmátì wà fún: bí a bá dà á sí i nígbà náà, hóró á dúró bí ó ṣe wà, àní bí a bá tilẹ̀ sè é fún wákàtí 1 mìíràn.

Ìyá_Ọlọ́bẹ̀

Mo ti ka gbogbo àlàyé yín, ọmọ mi olùkọ́, mo sì ti ń rò ó láti àárọ̀. Omi òjò ni mo fi dáná fún ọ̀pọ̀ ọdún, kẹ́tùrù mi kò sì fi ọjọ́ kan funfun rí. Ẹ̀wà kì í sì í pé oṣù mẹ́ta nílé mi kí ó tó tán. Ó lè jẹ́ pé ìyẹn ni ó ṣe mí ní oore tí mo fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àìfi-iyọ̀-sí. N kò tíì gbà tán o, ṣùgbọ́n mo gbọ́.

Ohun tí ó mọ́ mi lójú ni rírẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn. Ìwọ ọmọ tí o béèrè, nígbà tí o bá da ẹ̀wà sínú omi, má kàn fi í sílẹ̀ lọ sùn. Dúró wò ó. Kí wákàtí 1 tó pé, èèpo á ti hunjọ bí ìka ọwọ́ ẹni tí ó fọṣọ pẹ́. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́, èèpo ni ó kọ́kọ́ mu omi, ó sì fẹ̀ ju inú lọ. Ojú ẹ̀wà, níbi tí ó ti so mọ́ pódi rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ni omi sábà máa ń gbà wọlé, ibẹ̀ ni wàá ti kọ́kọ́ rí i tí ó ń hunjọ. Bí inú bá ti mu tirẹ̀, ara rẹ̀ á tún padà jọ̀lọ̀, hóró á sì wúwo tó ìlọ́po méjì. Àwọn kan á wà nísàlẹ̀ abọ́ tí wọn kò hunjọ, tí wọn kò tóbi sí i, tí wọ́n kàn jókòó bí òkúta. Ṣa ìyẹn nù, nítorí omi kò wọ inú wọn, iná kò sì ní rí wọn ṣe. Ṣa èyí tí ó bá léfòó náà, kòkòrò ti sábà máa ń jẹ inú rẹ̀.

Láti mọ̀ bóyá ó ti tó láti gbé ka iná, la hóró kan sí méjì ní ibi tí ó ti pín fúnra rẹ̀. Bí àárín bá jinlẹ̀ wọlé bí àwo kékeré, fi í sílẹ̀ sí i. Bí ó bá tẹ́jú, tí àwọ̀ rẹ̀ sì dọ́gba láti etí dé etí, ó ti tó. Wákàtí 8 máa ń tó. Bí ilé bá gbóná, gbé abọ́ náà sínú fíríìjì, nítorí pé omi rẹ̀ lè kan kí ilẹ̀ tó mọ́, wàá sì rí ìhó funfun lórí rẹ̀ tí ó ń rùn.

Nọ́ọ̀sì_Tẹ́lẹ̀

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí a kọjá ibì kan tí ó já mi láyà nínú ọ̀rọ̀ tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni yìí ní òun ń fi eyín tẹ hóró ẹ̀wà pupa tí ó le. Nínú ọ̀ràn tirẹ̀, kò sí ewu, nítorí pé ẹ̀wà náà ti hó fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ṣùgbọ́n kí ẹlòmíràn má ṣe tọ́ ọ wò kí ó tó hó dáadáa.

Ẹ̀wà pupa onírísí kíndìnrín ní májèlé kan nínú tí ó jẹ́ irú lectin kan, ìyẹn irú purotéènì kan. Hóró 4 tàbí 5 péré tí kò jinná ti tó láti mú ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bì láàárín wákàtí 1 sí 3, kí ìgbẹ́ gbuuru sì tẹ̀ lé e. Àjọ FDA ti Amẹ́ríkà, tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìwọ̀n rẹ̀ nínú ẹ̀wà tútù máa ń wà láàárín 20,000 sí 70,000 hau (ẹyọ tí wọ́n fi ń wọn agbára májèlé náà), nígbà tí ó jẹ́ pé 200 sí 400 ni ó máa ń kù nínú èyí tí ó jinná tán. Ẹ̀wà funfun ẹ̀yà kan náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó ti pupa. Ìmọ̀ràn àjọ náà ni pé kí a rẹ ẹ́ fún ó kéré tán wákàtí 5, kí a da omi rẹ̀ nù, kí a sì jẹ́ kí ó hó nínú omi tuntun fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Hó ni mo wí, omi tí ń hó kùtùkùtù, kì í ṣe èyí tí ó kàn gbóná.

Òǹkàwé_Jẹ́jẹ́

Ẹ̀rí mi rèé fún ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ. Mo ra ìkòkò iná mànàmáná, irú èyí tí ń sè nǹkan díẹ̀díẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, mo sì da ẹ̀wà pupa tí mo ti rẹ sínú rẹ̀ tààrà láìjẹ́ kí ó kọ́kọ́ hó lórí iná. Nígbà tí mo dé láti ibi iṣẹ́, ó ti rọ̀ díẹ̀, ó sì ń ta sánsán. Mo jẹ abọ́ kan. Kí wákàtí 2 tó pé, mo ti wà nínú ilé ìwẹ̀, mo ń pọ̀ bí ẹni tí ó mu májèlé, ilẹ̀ ìwẹ̀ yẹn náà ni mo sì sùn sí. Ó rọ̀ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ọpẹ́ ni. Ẹbí mi sọ pé ẹran ni ó bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹran kankan nínú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Tẹ́lẹ̀

Ẹ kú ewu o. Irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ lè má gbóná tó láti pa májèlé náà, ohun tí ó sì burú jù ni pé bí ooru bá dúró ní nǹkan bí 80°C, agbára májèlé náà lè di ìlọ́po márùn-ún ti ẹ̀wà tútù. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ìkòkò náà lè máa lò ó, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ̀wà hó lórí ààrò kí ó tó dà á sínú rẹ̀.

Aláìsùn

Ó dára. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo yín ń tijú láti sọ, èmi yóò sọ ọ́: inú kíkún àti afẹ́fẹ́ tí ń jáde lẹ́yìn ẹ̀wà. Ṣé dída omi rírẹ nù ń ran èyí lọ́wọ́?

Nọ́ọ̀sì_Tẹ́lẹ̀

Ó ń ràn án díẹ̀. Ṣúgà kan wà nínú ẹ̀wà, raffinose àti stachyose ni orúkọ wọn, tí ara ènìyàn kò ní ẹ́ńsáìmù tí ó lè gé e. Yóò gba ìfun kékeré kọjá láìfọ́, nígbà tí ó bá sì dé ìfun ńlá, àwọn bakitéríà ibẹ̀ á fi í ṣe àsè, afẹ́fẹ́ á sì jáde. Lára ṣúgà yìí máa ń yọ́ sínú omi tí a fi rẹ ẹ̀wà, bí a bá da omi náà nù, ìyẹn lọ. Díẹ̀ nínú àwọn fítámì àti àwọ̀ rẹ̀ náà á bá a lọ, nítorí náà ẹni tí inú rẹ̀ kì í kún lè fi omi dúdú ti ẹ̀wà dúdú sè é padà, yóò sì dùn jù. Ẹ̀wà pupa nìkan ni n kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni lo omi rírẹ rẹ̀. Ẹni tí kò bá sì jẹ ẹ̀wà rí, kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí díẹ̀ lójoojúmọ́. Inú máa ń mọ́ ọn lára.

Orí_Òkè

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láìdá sí i, ṣùgbọ́n ohun kan kù tí ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu bà. Orí òkè ni mò ń gbé, ní ibi tí ó ga tó mítà 1,500, omi sì máa ń hó níbí ní nǹkan bí 95°C, kì í dé 100. Ẹ lè rò pé ìwọ̀n 5 kì í ṣe nǹkan kan, àmọ́ ẹ̀wà mọ̀ ọ́n. Ẹ̀wà tí ó rọ̀ ní wákàtí 1 fún ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ lè gba wákàtí 2 lọ́wọ́ mi. Ìkòkò pírẹ́ṣọ̀ ni ó gbà mí, nítorí pé nínú rẹ̀, ooru lè dé 121°C nísàlẹ̀, kò sì fi púpọ̀ dín sí bẹ́ẹ̀ lórí òkè níbí. Ẹ̀wà tí mo ti rẹ mọ́jú máa ń rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn tí ìkòkò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọn. Ọ̀nà yìí tún dára fún ẹ̀wà ogbó bíi ti ẹni tí ó béèrè, bí a bá fún un ní àkókò púpọ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀wà àti omi rẹ̀ kọjá ìdajì ìkòkò náà. Ẹ̀wà máa ń yọ ìhó, èèpo tí ó bá sì bọ́ lè bá ìhó gòkè lọ dí ihò tí èéfín ń gbà jáde. Mo máa ń kán òróró ṣíbí kan sí i kí ìhó má bàa pọ̀. Nígbà tí ó bá jinná, mo máa ń pa iná, mo sì máa ń jẹ́ kí agbára inú rẹ̀ rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìgbà kan tí mo kánjú tú èéfín jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ńṣe ni gbogbo hóró bẹ́ yányán, omi ẹ̀wà sì tú jáde dé ara ògiri.

Ọmọ_Ìdáná

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì mí pé ó tó ọjọ́ 9 kí n tó padà wá. Mo lọ dán gbogbo rẹ̀ wò ni, nítorí pé n kò fẹ́ tún béèrè nǹkan tí ojú mi lè rí.

Ìkòkò kékeré 4 ni mo lò, mo sì wọn ẹ̀wà gíráàmù 100 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ẹ̀wà ogbó inú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo fi omi ẹ̀rọ lásán rẹ ti ìkíní, mo sì fi omi ẹ̀rọ lásán sè é. Ti ìkejì, omi ẹ̀rọ tí ó ní iyọ̀ ní ìwọ̀n tí olùkọ́ sọ. Fún ìkẹta, mo kọ́kọ́ se omi náà títí ó fi hó, mo jẹ́ kí ó tutù kí ohun funfun rẹ̀ silẹ̀, mo rọra da omi mímọ́ rẹ̀ sínú ìkòkò mìíràn, mo sì fi baking soda tí kò kún orí èékánná sí i. Ti ìkẹrin nìkan ni ó jẹ́ ẹ̀wà tuntun, ẹ̀yà kan náà, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, mo sì fi omi ẹ̀rọ líle kan náà sè é láìfi nǹkan kan sí i.

Ẹ̀wà tuntun rọ̀ ní wákàtí 1 ó lé ìṣẹ́jú 5. Mo rò pé aago mi ti kú. Mo mú hóró 5 láti oríṣiríṣi ibi nínú ìkòkò, mo fi ahọ́n tẹ̀ wọ́n mọ́ àjà ẹnu, gbogbo wọn ni ó tú láìsí wàhálà. Ti ìkẹta, èyí tí mo fi baking soda sí, dé ibẹ̀ ní wákàtí 2 ku ìṣẹ́jú 10, àwọ̀ omi rẹ̀ sì dúdú ju ti àwọn yòókù lọ. Ti ìkejì gba wákàtí 3, èèpo rẹ̀ rọ̀ dáadáa, hóró tí ó fọ́ nínú rẹ̀ kò pọ̀, ó sì dùn dé inú, ṣùgbọ́n hóró díẹ̀ ṣì ní ẹfun láàárín. Ti ìkíní, mo pa iná rẹ̀ ní wákàtí 3 ààbọ̀ nítorí pé ó ti sú mi; èèpo rẹ̀ ti bó sọ́tọ̀, inú rẹ̀ sì le.

Nítorí náà, omi líle ní ọwọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀wà tuntun la omi líle yẹn já láìfarapa. Ogbó ni ó ṣe mí. Iyọ̀ kò jẹ̀bi, mo sì ti pe ẹ̀gbọ́n mi láti sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́, ó sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Olùṣèdánwò

Ẹ kú iṣẹ́ gan-an. Èyí dára ju ọ̀pọ̀ ìdánwò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń kọ wá fún mi lọ, pàápàá ìkòkò ìkẹrin yẹn, nítorí pé òun ni ó ya ọ̀rọ̀ ogbó sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ omi. Ohun kan tí èmi ìbá fi kún un ni ẹ̀wà ogbó nínú omi tí a ti sè silẹ̀ láìsí baking soda, kí a lè mọ èwo nínú méjèèjì ni ó ṣiṣẹ́ jù nínú ìkòkò ìkẹta. Ẹ kò ní láti ṣe é o.

Orí_Òkè

Èyí tí ó kù nínú àpò ogbó náà ńkọ́? Ẹ má dà á nù.

Ọmọ_Ìdáná

N kò ní dà á nù. Mo ti yá ìkòkò pírẹ́ṣọ̀ aládùúgbò mi, ìdajì rẹ̀ ti wọlé lánàá: omi iyọ̀ mọ́jú, omi tí a ti sè silẹ̀, ìṣẹ́jú 35. Ó rọ̀ tó láti gún, kò ṣeé jẹ ní odidi hóró. Mo pín in sínú abọ́ pẹlẹbẹ kí ó lè tètè tutù, mo fi èyí tí a ó jẹ láàárín ọjọ́ 3 sínú fíríìjì, mo sì kó ìyókù pẹ̀lú omi rẹ̀ sínú fírísà kí ó má bàa gbẹ.

Ti ẹ̀wà tuntun, mo fi í sínú fírísà fún ọ̀sẹ̀ 1 kí ẹyin kòkòrò tí ó bá wà nínú rẹ̀ lè kú, lẹ́yìn náà ni mo rọ ọ́ sínú ike tí ó dé pinpin, mo kọ ọjọ́ tí mo rà á sára ìdérí rẹ̀, mo sì gbé e sí ìsàlẹ̀ pátá nínú yàrá tí ó tutù jù nínú ilé. Agolo tíì ni ó wà lókè ààrò báyìí.

Ìyá_Ọlọ́bẹ̀

Kó tíì náà kúrò níbẹ̀, òórùn rẹ̀ á lọ.

Mo ti rẹ ẹ̀wà mi sínú omi iyọ̀ ní alẹ́ yìí. Abọ́ kékeré ni mo lò o, ti ìkòkò ńlá ṣì wà nínú omi lásán.